Tíṣà Ògúndípẹ̀ Ní Kí N Sọ Fún Ọ Pé Wọ́n Ti Di Mẹ́jọ

Òdòde, Ìdànrè,
Ọjọ́rú, lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán.

Olúrónkẹ́ ọmọ mi,

Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ lórí ìdúró, jọ̀wọ́ wá ibi jókòó sí, bó bá sì bá ọ lórí ìjókòó, fẹ̀yìn ti àga dáadáa, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pọ̀, mi ò fẹ́ kí ẹsẹ̀ dùn ọ́. Ṣé ara rẹ le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé inú ilé kì í yọ ọ́ lẹ́nu? Ọlọ́run tó mú òkè dúró lẹ́yìn ilé wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tí kò jẹ́ kó wó lé wa lórí, òun náà ni yóò mú ọ dúró ní Èkó. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ níbi tí ẹlòmíràn ti ń sáré. Àmín. Èmi náà wà. Orúnkún òsì ni kò fẹ́ kí n gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, ṣùgbọ́n Bàbá Aládùúrà ti gbàdúrà sí omi fún mi, mo ń fi í pa á láàárọ̀ láàárọ̀, ó ti ń gbọ́ràn díẹ̀. Kòkó tí mo sá síwájú ilé ni òjò kò jẹ́ kó gbẹ. Bí mo bá kó o síta láàárọ̀, ọ̀sán ni mò ń sáré kó o wọlé, àwọn ewúrẹ́ gan-an ti ń wò mí bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣe.

O lè máa wò ó pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Mo pè ọ́. Obìnrin kan ló gbé e, ó ń sọ òyìnbó, mo kí i, mo bi í bóyá o wà nítòsí, ohun kan náà ló ń sọ ní àsọtúnsọ. Ohùn rẹ̀ jọ ti ẹni tó kàwé, àmọ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ iṣẹ́ àgbà. Ìgbà tí mo sì bá ọ fúnra rẹ, o ní, Màámi, mo wà lẹ́nu iṣẹ́, màá pè yín padà. Mo mọ̀ pé o máa pè mí. Mo kàn ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó gbàgbé rẹ̀ ni, torí iṣẹ́ tí Tíṣà Ògúndípẹ̀ rán mi sí ọ kì í ṣe iṣẹ́ tí mo lè gbàgbé.

Àmọ́ kí n tó jẹ́ iṣẹ́ náà, jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń rí ọ lẹ́nu àìpẹ́ yìí. O mọ Lateefah, ọmọ Sùrájù tó ń ta aṣọ ní ọ̀kánkán wa. Ìgbà tí o wálé kẹ́yìn, nígbà ìsìnkú bàbá rẹ, ọmọ kékeré ni. Ó ti wọ sẹ́kọ́ńdírì báyìí, ó ti fẹ́ ga jù mí lọ. Ó wọlé wá lọ́jọ́ kan, ó ní, Màmá, ẹ wá wo Àǹtí Rónkẹ́. Mo sáré jáde, mo ń wo ojú títì, mo rò pé mọ́tò ló gbé ọ dé. Àṣé inú fóònù ló ní kí n wò. Mo wò ó, mo rí ọ lóòótọ́, o dúró níwájú pátákó funfun, o wọ búláòsì aláwọ̀ ewé, ò ń rẹ́rìn-ín. O ní, Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni. Mo rò ó pé bóyá iṣẹ́ ti pọ̀ fún ọ débi pé o kò mọ ìgbà mọ́, mi ò sì fẹ́ dójú tì ọ́ níwájú ọmọ ọlọ́mọ, ni mo bá dáhùn pé káàárọ̀, Rónkẹ́ mi, ṣé o jí dáadáa? O kò dá mi lóhùn. O kọjú sí pátákó.

Inú bí mi díẹ̀, mi ò ní purọ́. Mo ní ọmọ tí mo pọ̀n lọ sóko kòkó títí ẹ̀yìn mi fi tẹ̀ ni Èkó ti kọ́ ní kó máa kí ènìyàn kó má dúró gbọ́ èsì. Lateefah ló ṣàlàyé pé kì í ṣe ìsinsìnyí lo ń sọ ọ̀rọ̀ náà, pé ó ti tó ọdún méjì tí o ti sọ ọ́, wọ́n ká a sílẹ̀ ni. Mo bi í pé bó bá jẹ́ ti ọdún méjì sẹ́yìn nìyí, Rónkẹ́ ti ìsinsìnyí wá ńkọ́? Ó ní òun ò mọ̀. Èmi náà ò mọ̀. Mo ti ń múra láti sọ fún ọ pé o rù, kí o máa jẹun, ìgbà náà ni mo rántí pé ọdún méjì sẹ́yìn lo rù. Bóyá o ti sanra. Bóyá o tún ti rù sí i. Kò sí bí mo ṣe lè fi fóònù yẹn mọ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí Lateefah bá ti ilé ìwé dé, ó máa ń wá ṣí ọ fún mi. Mo máa ń gbé oúnjẹ mi síwájú rẹ, kí n má baà dá jẹun. Bí o bá ní, Ṣé ó ń yé yín, màá ní ó ń yé mi díẹ̀díẹ̀, kí o má kánjú. Bí ẹ̀kọ́ bá fẹ́ parí, o máa ń ní ká má gbàgbé láti tẹ agogo. Agogo kì í ṣe ohun títẹ̀, mímì ni, mo rò pé òyìnbó ló ń dà ọ́ láàmú, nítorí náà mo máa ń mú agogo àdúrà mi, màá mì ín lẹ́ẹ̀meje bí a ṣe ń ṣe nínú ìjọ wa, màá sì fi orúkọ rẹ sí i. Lateefah rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Ti àtàǹpàkò tí o tún ní ká tẹ̀ yẹn ni mi ò tíì ṣe. Bàbá rẹ kìlọ̀ fún mi kó tó kú pé mi ò gbọdọ̀ tẹ àtàǹpàkò sí ohun tí mi ò bá kà, pé bí wọ́n ṣe gba oko lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n òun nìyẹn. Má bínú. Bí o bá fi ìwé náà ránṣẹ́, màá kà á, màá sì tẹ̀ ẹ́.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ Tíṣà Ògúndípẹ̀. O kò lè gbàgbé rẹ̀, òun ló kọ́ ọ ní pírámárì mẹ́fà, òun náà ló kọ́ èmi ní ìwé kíkà àti kíkọ nínú ìjọ nígbà tí mo ti di ìyá ọlọ́mọ, lẹ́tà tí ò ń kà yìí, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ọdún méjì péré ló kù kó fẹ̀yìn tì. Lóṣù tó kọjá, ó ń kọ́ kíláàsì rẹ̀ ní àwọn pílánẹ́ẹ̀tì, àwọn ayé tí wọ́n ní ó ń yí oòrùn ká. Ó ní mẹ́sàn-án ni wọ́n. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Stephanie nawọ́, ó ní, Ẹ jọ̀ọ́ sà, mẹ́jọ ni, mo wò ó nínú fóònù mọ́mì mi lánàá. Tíṣà ní kó jókòó. Ọmọ náà jókòó, ṣùgbọ́n kíláàsì ti bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n jáde, Tíṣà tọ ọ̀gá ilé ìwé wọn lọ, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ẹwàolúwa, tí kò tíì pé ogójì ọdún, ó ní kó bá òun wò ó nínú fóònù. Ẹwàolúwa wò ó. Mẹ́jọ ni. Ó ní ó ti tó ogún ọdún tí àwọn tó ń wo ojú ọ̀run ti yọ ìkẹsàn-án, Púlútò, kúrò láàárín wọn, torí pé ó kéré.

Ọjọ́ kejì, Tíṣà kò lọ sílé ìwé. Ọjọ́ kẹta, kò lọ. Wọ́n ní ara rẹ̀ kò yá, mo bá se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí díẹ̀, mo gbé e lọ bá a. Mo bá a lórí ilẹ̀ nínú pálọ̀, ó kó gbogbo rẹ́jísítà àtijọ́ jáde nínú àpótí, ó tẹ́ wọn ká ara rẹ̀. Nígbà tó sọ pé wọ́n ti yọ ọ̀kan kúrò nínú mẹ́sàn-án, mo rò pé ẹnì kan ló kú, mo kí i kú ara fẹ́ra kù. Ó ní kò kú. Ó ní ó ṣì wà níbẹ̀, ó ń yí oòrùn ká bó ṣe ń yí i tẹ́lẹ̀, wọn ò kàn kà á mọ́ wọn mọ́ ni. Rónkẹ́, mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ Púlútò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn bá mi sùn, ó sì bá mi jí.

Ó ní kì í ṣe pé ọmọdé já òun nírọ́ ló ń dun òun. Ohun tó ń dun òun ni pé fún ogún ọdún òun ń sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ, kò sì sí ẹni tó kọ̀wé sí òun. Ó ní tẹ́lẹ̀, bí ọmọ bá fẹ́ mọ nǹkan, ọ̀dọ̀ òun ló ń wá, òun á wọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́ lọ ra ìwé, òun á kà á, òun á wá sọ ọ́. Ní báyìí, wọ́n ti mọ̀ ọ́n kí òun tó kọ déètì sójú pátákó. Ó ní, Ìyá Rónkẹ́, kí ni wọ́n wá ń wá lọ́dọ̀ mi? Mo bu ọbẹ̀ fún un.

Ibẹ̀ ló ti gbé rẹ́jísítà sábẹ́ apá, ó ní òun máa wá gbogbo ọmọ tí òun ti kọ́ kàn, òun máa sọ fún wọn pé mẹ́jọ ni. Mo ní ṣebí nígbà tí ẹ kọ́ àwọn Rónkẹ́, mẹ́sàn-án náà ni? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ẹni tó gbé ẹrù fún ènìyàn ló yẹ kó wá sọ fún un bí ẹrù náà bá ti yí padà. Ó rìn ká Òdòde, ó rìn dé Àládé, ó gun ọkadà lọ sí Àtòsin. Ó ń bá wọn lẹ́nu iṣẹ́, ó ń bá wọn lóko, ó ń ṣí ìwé, ó ń fi ìka tọ́ orúkọ wọn. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé orí Tíṣà ti ń yí. Ó wọkọ̀ títí dé Òfósù, torí Ọlọ́runṣọlá, ọmọ kan tó ń lẹ táyà lẹ́bàá títì tó lọ sí Benin.

Ó ní Ọlọ́runṣọlá dọ̀bálẹ̀ sínú epo ọkọ̀. Nígbà tí òun jẹ́ iṣẹ́ tán, ọmọ náà ní, Sà, ẹ má bínú, mi ò rántí pílánẹ́ẹ̀tì kankan, ìbáà jẹ́ mẹ́jọ, ìbáà jẹ́ mẹ́sàn-án. Ó ní ohun tí òun rántí ni pé ọjọ́ tí ìyá òun kú, Tíṣà wá lẹ́yìn tí ilé ìwé parí, kò sọ ọ̀rọ̀ kankan, ó jókòó ti òun lórí òkúta níta títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Tíṣà sọ ọ́ fún mi bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn tí kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Ó ní òun kò rántí ọjọ́ náà rárá. Ó ní, Ìyá Rónkẹ́, ohun tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi kọ́ wọn, wọn ò mú un dání. Èyí tí mi ò mọ̀ pé mo kọ́ wọn ni wọ́n mú lọ.

Ọjọ́ tó ti Òfósù dé ló yà sọ́dọ̀ mi, torí ìwọ nìkan ló kù nínú rẹ́jísítà ọdún yín tí apá rẹ̀ kò ká. Lateefah ti ṣí ọ sílẹ̀, ò ń kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe ń pín ìdá. Tíṣà fìdí lé bẹ́ńṣì, ó tẹjú mọ́ ọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, Ẹ wo bó ṣe yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà dí wọn lójú, èmi ni mo kọ́ ọ. Mo rí i pé omi ti kún ojú rẹ̀, mo yára wo ibòmíràn.

O ní bí a bá fẹ́ fi ìdámẹ́rin pín ìdajì, ká yí orí ìkejì sódì, ká wá sọ ọ́ di ìlọ́po, èsì rẹ̀ á jẹ́ méjì. O ní, Ṣé ó yé yín? Lateefah mi orí. O kọjá lọ. Tíṣà ní kí wọ́n dá ọ dúró. Lateefah tẹ nǹkan kan, o dúró. Tíṣà wo ojú ọmọ náà, ó ní, Kò yé ọ. Lateefah ní ó yé òun, méjì ni. Tíṣà ní òun mọ̀ pé méjì ni, kí ló dé tó fi jẹ́ méjì? Kí ló dé tí a pín nǹkan tó tún wá pọ̀ sí i? Ọmọ náà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin ni òun ti wò ó, ohun kan náà ni Àǹtí ń sọ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Tíṣà ní kí n fún òun ní iṣu. Iṣu tí mo fẹ́ fi gúnyán nìyẹn, mo fún un. Ó là á sí méjì, ó gbé ìdajì kan fún Lateefah, ó wá gé ìdámẹ́rin odindi iṣu náà kúrò lára èkejì, ó gbé e síwájú rẹ̀. Ó ní, Irú èyí mélòó ló wà nínú èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ? Ọmọ náà wọ̀n ọ́n, ó gé e. Méjì ni. Ó wo iṣu náà títí, ó ní, Ṣé ohun tí wọ́n ń bi wá látọjọ́ yìí nìyí? Ó ní kí Tíṣà tún bi òun ní òmíràn. Iṣu méjì ni wọ́n gé tán nílé mi lọ́jọ́ yẹn, a sì jẹ ẹ́ ní sísè, gbogbo wa.

Mi ò sọ èyí láti bú iṣẹ́ rẹ. Tíṣà fúnra rẹ̀ ní o mọ ìwé náà ju òun lọ, ó ní ohun tí o mọ̀ kò lè dé ọ̀dọ̀ òun láéláé bí kì í bá ṣe fóònù yẹn. Ó kàn ní o kò rí ojú wọn ni, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Ní báyìí, ọmọ márùn-ún ló ń wá sí ìta wa lọ́sàn-án, ìwọ lò ń sọ̀rọ̀, òun ló ń dá ọ dúró, tó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Má bínú pé ó ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọ lẹ́nu. Nígbà mìíràn o lè yanu sílẹ̀ fún wákàtí kan gbáko, mo máa ń fi gèlè mi bo fóònù náà kí eṣinṣin má baà wọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Ẹwàolúwa fúnra rẹ̀ ló wá bá a nílé, ó kúnlẹ̀, ó ní kó padà. Ó padà. Ọjọ́ tó dé kíláàsì, ó ní kí Stephanie jáde síwájú kó wá kọ́ òun àti gbogbo wọn ní mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, òun sì lọ jókòó sí àyè ọmọ náà, orúnkún rẹ̀ ń kan tábìlì. Nígbà tí Stephanie parí, Tíṣà nawọ́ bí ọmọ ilé ìwé, ó ní, Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ó kéré, nígbà tí kò sẹ́ni tó tíì tẹ ibẹ̀? Stephanie ronú, ó ní òun kò bi fóònù léèrè ìyẹn. Tíṣà ní ó dáa, ká jọ wá a. Ẹwàolúwa ló sọ ọ́ fún mi, ó ní láti ọjọ́ náà àwọn ọmọ náà kì í fẹ́ kí agogo ìparí lù.

Nítorí náà, iṣẹ́ tí wọ́n rán mi nìyí: wọ́n ti di mẹ́jọ. Mo ti jẹ́ ẹ. Bí o bá rántí nǹkan kan tí Tíṣà ṣe fún ọ, tí kò sí nínú ìwé, kọ ọ́ ránṣẹ́. Kò bẹ̀ mí pé kí n bèèrè, èmi ni mo fẹ́ kó gbọ́ ọ.

Lateefah ní òun máa ya lẹ́tà yìí kó tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má ya á, mo fi ọjọ́ mẹ́ta kọ ọ́. Ó ní kì í ṣe irú yíya bẹ́ẹ̀, pé á dé ọ̀dọ̀ rẹ, á sì tún kù sọ́dọ̀ mi. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó ṣe jẹ́ pé ìwọ náà kò lè wà níbẹ̀ kí o sì tún wà níbí?

Bí o bá rí nǹkan kékeré, fi í ránṣẹ́ sí fóònù Lateefah fún dátà. Mo gbọ́ pé ṣe ló ń jó tán bí kẹrosíìnì bí o bá ti ń sọ̀rọ̀, kò sì yẹ kí ọmọ ọlọ́mọ máa dá nìkan ra epo tí mo fi ń wo ọmọ mi. Bí ààyè bá sì yọ kí Kérésì tó dé, wálé. Mi ò ní fi ipá mú ọ, mo mọ bí iṣẹ́ ṣe rí. Bí ààyè kò bá yọ, bá mi ká ọ̀kan sílẹ̀ tí kò ní ẹ̀kọ́ nínú. Mo ti mọ ohùn tí o fi ń kọ́ ọmọ aráyé, ohùn tí o fi ń bèèrè ẹran sí i nínú ọbẹ̀ ni mi ò gbọ́ mọ́. Jókòó síbi tí o ti ń jẹun, kí o jẹun, kí n máa wò ọ́. Má kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Bí o bá jẹun tán, pè mí ní Màámi, kí o wá dákẹ́ díẹ̀, kí n ráyè dá ọ lóhùn.

Olúwa yóò ṣọ́ àlọ rẹ, yóò sì ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ibi tí ojú mi kò tó, ojú rẹ̀ tó o.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.